Ìrìn Àjò Mi sí Jos Nítorí Àwo Orin Kan

  Akọ̀wé rélùwéè ni mí, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n olóòtú ìwé wa ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí ní Jos, kí ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní Kaduna nígbà ìrántí bàbá wa lè mọ ìdí tí a fi lu orin òyìnbó àtijọ́ ní ọjọ́ náà.

Bàbá wa olóògbé tí mo ń sọ yìí, awakọ̀ ojú irin ni wọ́n, wọ́n sì tún mọ fèrè idẹ fun. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún ìrántí ogún ọdún, ó rí àpótí kan lábẹ́ ibùsùn. Àwo orin mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀, irú èyí dúdú ayé àtijọ́ tí ó máa ń fọ́ bí tánganran. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn orin jáàsì, ó sì kó wọn wá sí ilé mi, òun àti Màmá. Mẹ́wàá ní ìwé orúkọ lára, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ti ìkọkànlá tán pátápátá. Mo fi ọwọ́ yí gírámáfóònù mi, mo sì gbé abẹ́rẹ́ lé e. Kò pẹ́ tí fèrè bẹ̀rẹ̀ sí dún ni omi bọ́ lójú Màmá. Wọ́n ní, "Ẹni tí ń fun fèrè yẹn, bàbá yín ni."

Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ọmọ pinnu pé àwọn yóò lu àwo náà níbi ìrántí, àwọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé fèrè bàbá àwọn nìyí.

Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Orin náà ń dún bí ẹni pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ń lù ú, ó sì dà bí ohun tí ó ti pẹ́ ju ayé bàbá lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún opó pé etí rẹ̀ tàn án? Mo tún rò ó pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo bẹ ọmọ wọn kí ó dúró ná, kí ó má tíì gbé ìwé ètò lọ fún atẹ̀wé. Mo fi aṣọ òtútù wé àwo náà, mo sì gba Jos lọ.

Mọ́tò ni mo wọ̀. A gba Kafanchan, níbi tí ọ̀nà irin Jos ti yà kúrò lára ọ̀nà Port Harcourt. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Orí itan mi ni àwo wà títí a fi dé, nítorí kòtò kan ṣoṣo ti tó láti sọ ọ́ di èékú. Ẹni tí kò bá tíì dé Jos rí, kí ó mọ̀ pé ìlú orí òkè ni, ó ga tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹsẹ̀, òtútù rẹ̀ kì í ṣe eré nígbà ọyẹ́. Kùsà tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo, ni ó kó èrò lọ síbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe la ọ̀nà irin kékeré láti Zaria wá, èyí tí wọ́n pa tì ní 1957, tí ọ̀nà ńlá ti Kafanchan sì dé ibẹ̀ ní 1927. Àdúgbò tí ọjà ńlá wà kí iná tó jó o ní 2002, Terminus ni orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ni: ibi tí irin parí sí.

Ilé Bàbá Gáàdì ni mo dé sí. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gáàdì ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni àwa olórin jáàsì ti ń pàdé: tíṣà kan tí ó jẹ́ Bírọ̀m, télọ̀ kan tí ó jẹ́ Ìgbò, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún rédíò ṣe. Eré wa ni pé kí ẹnìkan fi ìwé bo orúkọ ara àwo, kí ó lù ú, kí àwọn yòókù sì sọ ẹni tí ó kọ ọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń ṣe é. Leonard Feather ni ó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Metronome ní 1946, ó sì fi ń dán àwọn olórin fúnra wọn wò. Kì í ṣe eré ọmọdé, nítorí orúkọ ara àwo gan-an lè tan ènìyàn. Charlie Parker kópa nínú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Toronto ní 1953, ṣùgbọ́n Charlie Chan ni wọ́n kọ sí i, torí pé ó ti ní àdéhùn pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mìíràn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi. Bàbá Gáàdì kò lu àwo náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n: íǹṣì mẹ́wàá. Wọ́n gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ibi dídán tí ó yí àárín ká, níbi tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ nọ́ńbà sí. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó lù ú, wọ́n sì di ojú.

"Ẹ gbọ́," ni wọ́n wí, "ìlù ńlá kò sí níbẹ̀. Inú ìwo ni wọ́n kọrin yìí sí. Láti 1925 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná gba orin, èyí sì ti wà ṣáájú. Ọdún wo ni wọ́n bí bàbá yín?"

Mo ní, "1930 ni, sà."

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Tíṣà ni ó kọ́kọ́ mọ orin náà. Ó ní kí a gbọ́ bí dùùrù ṣe ń dún bí aago ṣọ́ọ̀ṣì, kí a sì gbọ́ fèrè tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa wá orin kan jáde lórí fóònù, a sì lu méjèèjì tẹ̀lé ara wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ohùn kan kò yẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ jáàsì mọ̀ pé olórin kì í fun fèrè rẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu délẹ̀, orin kan náà ni.

"Chimes Blues" ni, ti King Oliver àti ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ní oṣù kẹrin ọdún 1923 ní Richmond, ìpínlẹ̀ Indiana, fún ilé iṣẹ́ Gennett. Fèrè tí ó yọ lẹ́yìn aago yẹn, Louis Armstrong ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà náà. Ibẹ̀ ni òun nìkan ti kọ́kọ́ dá fun fèrè sínú àwo. Ọ̀gá rẹ̀ ni Oliver, ẹ̀yìn ọ̀gá ni ó sì ń tẹ̀lé. Lil Hardin tí ó tẹ dùùrù máa ń sọ pé fèrè ọmọkùnrin náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí ó lọ dúró lẹ́yìn, kí ó jìnnà sí ìwo. Armstrong yìí náà ni ó wá sí Nàìjíríà wa níhìn-ín ní 1960.

Tíṣà tún sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà irin ni ilé ìgbàsílẹ̀ Richmond wà, bí ọkọ̀ bá sì ń kọjá, dandan ni kí iṣẹ́ dúró. Bàbá Gáàdì rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Iṣẹ́ tiwa ni ó ń dí wọn lọ́wọ́!"

Gbogbo wọn yọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò lè yọ̀. Télọ̀ fẹ́ ra àwo náà lọ́wọ́ mi ní owó gidi, mo ní kì í ṣe tèmi. Ní gbogbo ọ̀nà àbọ̀, ohun tí n ó sọ fún Màmá ni mo ń rò.

Nígbà tí mo dé Kaduna, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Màmá dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàbá yín kò fìgbà kan sọ pé àwọn ni. Wọ́n a máa lu àwo yẹn lálẹ́, wọ́n a gbé fèrè tiwọn, wọ́n a máa fun ún tẹ̀lé e. Ìdí ààrò ni mo ti ń gbọ́ wọn. Fèrè kan ṣoṣo ni mo rò pé mo ń gbọ́."

Wọ́n tún dákẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n fun dáadáa lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó?"

Mo ní, "Màmá, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ní, "Ó dára. Ọ̀gá rere ni bàbá yín mú nígbà náà."

Ohun tí a kọ sínú ìwé ètò nìyẹn: Àwo tí bàbá wa fi kọ́ fèrè. Ẹ̀yin tí ẹ wá gbọ́ ọ, ẹ sì rí Màmá bí wọ́n ṣe ń mi orí.

Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ju àwo àwọn baba yín nù. Ẹ má ṣe fi ọtí tàbí sípíríìtì nù ún, nítorí yóò bà á jẹ́. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn, ẹ má ṣe tò ó lé ara wọn. Ìdúró ni kí ẹ fi sí. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ti re, ẹ mú un wá bá mi ní ọ́fíìsì, a ó jọ wádìí ẹni tí ó ni ín. Kí Olúwa dá Màmá sí fún wa, kí ó sì fi ọjọ́ rere pàdé gbogbo wa. Àmín.