Nígbà Tí Ẹ̀bùn Nìkan Kò Tó

Ní Ìbàdàn ìgbà tiwa, ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kì í pẹ́ gbajúmọ̀. Olóúnjẹ a fi ẹran lé e fún un, awakọ̀ a gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Àpọ́nlé yẹn ló ba ọ̀pọ̀ wọn jẹ́. Mo mọ àwọn kan tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù ju àwọn tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò lọ, wọn kò sì dé ibì kankan. Ọlọ́run fún wọn lẹ́bùn, ẹni tí yóò bá wọn wí ni wọn kò rí.

Tíṣà tó ń mójú tó eré ìdárayá níléèwé wa kì í gba gbẹ̀rẹ́. Olúkúlùkù ló ń fọ jẹ́sì tirẹ̀. Bó bá gbẹ tán, tíṣà á yí ọrùn aṣọ náà síta wò. Bí ìdọ̀tí bá kù níbẹ̀, o ti padà sídìí omi nìyẹn. Bọ́ọ̀lù aláwọ ayé ìgbà náà tún máa ń mu omi òjò. Àwa la ó nù ún, tí a ó fi ọ̀rá pa ojú rírán rẹ̀, ká tó lọ jẹun alẹ́. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ jókòó.

Lọ́dún kan, bí Grier Cup, ìdíje eré ìdárayá láàárín àwọn iléèwé, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wa kọ̀ láti gé koríko pọ́ṣọ̀n rẹ̀. Ó ní ṣebí òun ni yóò parí eré rìléè. Tíṣà yọ ọ́. Wọ́n na wá nínú ìdíje náà. Nínú bọ́lẹ́kájà, bí a ti ń padà bọ̀, kò sẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago tó lù, ọmọ náà ti wà nínú koríko pẹ̀lú àdá. Tíṣà kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́ láéláé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ yẹn náà ló parí eré fún wa.

Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fáwọn òbí. Nígbà tó ń kàwé ní Pólì Ìbàdàn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn. Nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjéríà ní 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹ̀kẹta. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ìwé kíkọ kò ṣòro fún un, ó sì dá iléèwé tó pa ẹ̀kọ́ àti eré ìdárayá pọ̀ sílẹ̀ ní Wásinmi.

Ẹ wo Ràṣídì Yẹkínì náà. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars kan náà, tí Zamalek ti Íjíbítì nà nínú àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà lọ́dún 1984, tí inú gbogbo Ìbàdàn bàjẹ́. Kò torí ìyẹn juwọ́ sílẹ̀; ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé wọlé.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ̀jẹ́ǹtì bá wá torí ọmọ yín tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iléèwé tí ọmọ náà yóò máa lọ, àti ẹni tí yóò máa bá a wí. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má fọwọ́ síwèé rẹ̀.