Omi kún inú rédíétọ̀, àwa la ní awakọ̀ kò bu omi

Ẹ̀yin ará wa ní Mínnà, ẹ̀yin ti Bídà, ti Kàdúná, ti Kánò, àti gbogbo ọmọ Yorùbá tí oúnjẹ òòjọ́ gbé dé Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan. A ṣe àṣìṣe kan tó ń tì wá lójú. A ní ká sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn má bàa ṣe irú rẹ̀, ó sì tún ní ìdí mìíràn tí ẹ ó rí níwájú.

Àwa mẹ́ta la dá owó jọ ra píkọ́ọ̀pù kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ọjà kan náà la ti ń tajà ní Mínnà níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni mọ́tò yìí ń kó iṣu, ẹ̀gúsí àti òrí lọ sílé, á sì kó gààrí àti epo pupa bọ̀. Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ náà ni: Mínnà sí Bídà, Bídà sí Mọ́kwà, ká sọdá Odò Ọya ní Jẹ́bà, ká gba Bódè Sáàdú wọ Ìlọrin, kó tó wá kan Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnìkan nínú wa máa ń bá mọ́tò lọ, àwọn méjì yòókù á dúró ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Núpé ni awakọ̀ wa, ará ẹ̀yìn Bídà. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi pa òwe fún wa. Ọdún mẹ́rin ló bá wa ṣiṣẹ́. "Bàbá" ló ń pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A kò ká irọ́ mọ́ ọn lẹ́nu rí, ẹrù wa kò sì dín lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Bàbá, tata ti pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ fún mi lówó díẹ̀ kí n ra nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, kí n fi bo iwájú mọ́tò." Ẹ̀rín la fi í rín. Ẹnìkan nínú wa ní, "Nẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Ṣé ibà ń ṣe mọ́tò ni?" Ẹnìkejì ní ọmọ yìí ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi máa já owó jẹ. Bẹ́ẹ̀ owó nẹ́ẹ̀tì náà kò tó owó ẹ̀kọ àti àkàrà tí àwa mẹ́ta ń jẹ láàárọ̀. A kò fún un. Kò bínú, ó kàn ní, "Ó dáa, Bàbá," ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́tò kó iṣu, ó kún dẹ́nu. A ti kọjá Jẹ́bà, oòrùn ọ̀sán ń ta, nígbà tí ọwọ́ gééjì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Awakọ̀ pa AC, ó dín eré kù. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró, kó sinmi." Ẹni tó jókòó síwájú nínú wa ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé àwọn oníbàárà ti ń dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé bí a bá dé Ìlọrin a ó wò ó. Ó tún bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì. A ní kó máa lọ. Kí a tó dé Bódè Sáàdú, èéfín funfun ti bo iwájú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì kú fin-ín.

Gásikẹ́ẹ̀tì jó, orí ẹ́ńjìnnì sì ti tẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ra iṣu ti rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, owó tí a fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe sì gbé èrè oṣù púpọ̀ lọ. Ẹni tó tún un ṣe bi wá pé, "Ṣé omi wà nínú rẹ̀?" Awakọ̀ ní òun bu omi kún un ní ìdájí kí a tó gbéra. A ní irọ́ ni. Bí omi bá wà níbẹ̀, kí ló gbé e gbóná? A kò rántí pé òun ló ní ká dúró, àwa la kọ̀.

Nígbà tí a padà dé Mínnà, a pè é sí iwájú àwọn ènìyàn ní gáréèjì. A ní ó jó mọ́tò wa. A kò san owó oṣù méjì tó jẹ lọ́wọ́ wa fún un, a ní kó máa lọ. Ó ní, "Bàbá, mo bu omi sí i. Ọlọ́run rí mi." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó jáde.

A gba awakọ̀ mìíràn. Kò pé oṣù kan, ọwọ́ gééjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀, a pààrọ̀ rọ́bà omi, ìyà kan náà ni. Nínú ìlú kò níṣòro, ó di ojú títì kó tó máa gbóná. Èyí tó wá jọ wá lójú ni pé awakọ̀ tuntun ń bu omi níṣojú wa láràárọ̀. Ọkàn wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan níbí. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó bi wá pé, "Ìgbà wo ló ń gbóná? Bó bá wà lójú kan nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni, àbí bó bá ń sáré?" A ní bó bá ń sáré ni. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó dúró ló ń gbóná, fáànù ni ǹ bá kọ́kọ́ wò. Èyí tó ń gbóná lórí eré, yálà omi kò rí ọ̀nà gbà nínú rédíétọ̀, tàbí atẹ́gùn kò rí ọ̀nà gbà lára rẹ̀."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ó mọ́ tónítóní, nítorí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ń fọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó jọ rédíétọ̀ tó dúró níwájú rédíétọ̀ gan-an, ti AC ni. Àlàfo tóóró wà láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá yìí tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ó fa rédíétọ̀ sẹ́yìn, ó ní ká wá wò. Ìyẹ́ tata, ẹsẹ̀ tata, àfòpiná, èsúnsún, pẹ̀lú eruku àti epo, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ bí ẹní. Ó ṣí i kúrò lápá kan, ó kún abọ́. Àwa mẹ́ta wo ojú ara wa, a kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ bí bàbá náà ṣe ṣàlàyé fún wa. Omi tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ooru wá sínú rédíétọ̀. Inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbà, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà láàárín àwọn páìpù náà. Atẹ́gùn tó ń gba àárín irin wọ̀nyí kọjá ló ń gba ooru lára omi. Bí kòkòrò bá dí ibẹ̀, omi lè kún dé ẹnu, kò ní tutù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Omi wà, atẹ́gùn ni kò sí.

Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ ibí ṣe rí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, èsúnsún á tú jáde lálẹ́. Bí òjò bá ń lọ sílé, tata á gba gbogbo pápá. Mọ́tò wa ń kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án, ilẹ̀ á ti ṣú bá a ní Jẹ́bà létí omi, á tan iná gba Mọ́kwà àti oko ìrẹsì Bídà kọjá. Àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ti mọ́tò yìí, ó pa ara rẹ̀ tán, ó tún fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ báyìí nìyí, ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná láéláé. Ìdérí yẹn ló tẹ omi mọ́lẹ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ lè gbóná ju èyí tó ń hó lórí ààrò lọ. Bí ẹ bá ṣí i, ojú àti àyà ni yóò tú sí. Bó bá jẹ́ fáànù oníná ni mọ́tò yín ní, ẹ yọ orí bátìrì, nítorí ó lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹ tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá èyí tó ti gbẹ kúrò, kí ẹ máa gbá a bí irin náà ṣe tò, kí ẹ má gbá a ní ìbú. Búrọ́ọ̀ṣì onírin kò dára. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ wọ́n ọn sí i, kó rin fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má jẹ́ kí ọṣẹ náà gbẹ mọ́ ọn lára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ṣe nìyí: ẹ̀yìn ni kí ẹ ti da omi sí i, láti ìhà ẹ́ńjìnnì bọ̀ síwájú. Ọ̀nà tí kòkòrò gbà wọlé ni kó gbà jáde. Bí ẹ bá da omi sí i láti iwájú, ńṣe lẹ ń tì í wọnú. Rọ́bà omi tí kò le tàbí bútà ti tó. Ẹ̀rọ alágbára tí àwọn ọmọ afọmọ́tò ń lò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e súnmọ́ ọn, á tẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn pa. Ẹ má fi ásíìdì tàbí ọṣẹ gbígbóná tó ń bó ọwọ́ fọ̀ ọ́, á jẹ irin náà. Ẹ fọ ti AC, ẹ fọ rédíétọ̀, ẹ má gbàgbé àárín wọn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti mọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó láti iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là á já, ó ti parí.

Ní àsìkò kòkòrò, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìnàjò gígùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì tutù rọrùn láti fọ̀ ju èyí tí ooru ti yan gbẹ lọ.

Nígbà tí a kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà, a ra nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, a so ó mọ́ iwájú mọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra, ó di ẹ̀yìn Bídà.

Ìyá awakọ̀ wa ń se ìrẹsì lábẹ́ igi nígbà tí a dé. Ó kí wa dáadáa, ó fún wa lómi. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wà níbẹ̀, àwọn ará ilé náà wà níbẹ̀. A sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ọmọ yín kò jẹ̀bi, ó kìlọ̀ fún wa nígbà méjì, àwa la kò gbọ́. A gbé owó oṣù méjì náà kalẹ̀, a fi díẹ̀ kún un. A ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Bàbá, mo gba owó náà, ẹ ṣé. Mo ti ń wa mọ́tò ẹlòmíràn, n kò lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ńkọ́? Ẹni tó gbà mí yìí, oṣù méjì ló fi kọ̀ mí, nítorí wọ́n sọ fún un ní gáréèjì Mínnà pé mo jó mọ́tò ọ̀gá mi."

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A ti padà sí gáréèjì yẹn, a ti sọ ọ́ síbẹ̀ ní gbangba bí a ṣe fẹ̀sùn kàn án ní gbangba. Ìdí kejì tí a fi ń kọ èyí náà nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ yín gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu wa nígbà náà. Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ọmọ yẹn kò jó mọ́tò wa.

Nígbà tí ó sìn wá dé ìdí mọ́tò, ó rí nẹ́ẹ̀tì tí a so. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u. Ó ní a ti ṣẹ́ ẹ po, pé ìṣẹ́po méjì á tún dí atẹ́gùn, ẹyọ kan ti tó. Ó tún un so lọ́nà tó fi rọrùn láti tú. Ó ní, "Ẹ máa gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró, kòkòrò lè dí òun náà. Ẹ má fi àpò tàbí ọ̀rá rọ́pò rẹ̀ o. Bí ọwọ́ gééjì bá gòkè ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́. Bí tata bá sì ti tán lọ́nà, ẹ tú u kúrò."

Ẹ̀yin ará wa, ẹ yẹ àárín rédíétọ̀ yín wò kí tata ọdún yìí tó dé. Bí awakọ̀ bá sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun dúró, ẹ jẹ́ kó dúró. Ìrìnàjò wa kò ní já sí òfò o. Àmín.