Ẹ̀jẹ̀ Ríru ní Ọdún Kòrónà

Nígbà tí ìjọba sé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ́ ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, Kòrónà nìkan ni a ń sọ ní Ọ̀tan Ayégbajú. Bẹ́ẹ̀ oògùn àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń tán nílé, mọ́tò kò sì ná Òṣogbo mọ́. Àìsùn àti ìdààmú ọkàn kún un. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú ènìyàn tí ó lé ní 460,000 tí a yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wọn ru láti oṣù kẹrin ọdún náà ju ti 2019 lọ, ti àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ń gé hóró kan sí méjì kí ó lè pẹ́. Nígbà tí ọ̀nà là, nọ́ọ̀sì bá 180 lórí 110 lára rẹ̀. 140 lórí 90 ti tó ìbẹ̀rù.

“Ìyá, ṣé orí ń fọ́ yín?”

“Rárá o, ọmọ mi. Ara mi le.”