Erinmi Ojú Fóònù àti Erinmi Inú Odò

Àwa tí a ń gbé Lọ́kọ́jà kò jìnnà sí ìran. Ẹni tí ó bá gun Òkè Patti, tí ó ga ju mítà 400 lọ, yóò rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí yanrìn bá yọ láàárín omi, lékeléke a bà síbẹ̀, àwòdì a sì máa rà bàbà lókè.

Ṣùgbọ́n orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń wo ẹranko báyìí. Láti ọdún 1998 ni Africam ní Gúúsù Áfíríkà ti gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí ẹ̀bá omi tí ẹranko ń mu, kí gbogbo ayé lè máa wò ó lójú ẹsẹ̀. Ní ọgbà Katmai ní Alaska, béárì ń mú ẹja níṣojú gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 2014 ni àwọn òǹwòran ti ń dìbò fún èyí tí ó sanra jù kí wọ́n tó wọ ihò lọ sùn. Ìbò ọdún 2023 ju mílíọ̀nù kan lọ.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni. Fóònù kì í gbé òórùn igbó wá, ibi tí ẹlòmíràn bá sì kọ ojú ẹ̀rọ sí nìkan ni a ó rí. Síbẹ̀ ó ju ìròyìn lọ. Erinmi a máa dojú ọkọ̀ dé, a sì máa pa ènìyàn. Ẹ̀rọ ń wò ó láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu, kò sì dà á láàmú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Kí omi Ọya tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti gba Kainji kọjá. Ibẹ̀ ni igbó Borgu àti Zugurma wà, tí ìjọba pa pọ̀ ní 1979, tí ó di ọgbà ẹranko àkọ́kọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Erinmi Odò Oli wà lára ohun tí àwọn àlejò máa ń lọ wò níbẹ̀. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn agbébọn fi igbó náà ṣe ibùba, òbí wo ni yóò kó ọmọ lọ? Béè ni ọmọ wa ṣe ń mọ béárì Alaska, tí kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ń pe erinmi.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ máa pe ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí Yorùbá ń pè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ mú wọn gun Òkè Patti. Ẹni tí ó bá rí ẹyẹ tàbí ẹranko kan, kí ó kọ̀wé sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó.