Ta Ló Ni Àṣẹ?

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ni mo fi bú ara mi ní ọjọ́ tí bàbá mi bi mí ní ìbéèrè kan tí gbogbo ìwé mi kò lè dáhùn.

Ẹgbẹ́ wa ti ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àṣẹ gíga jù lọ nínú ìjọba àti òfin. Mo kó ìwé jọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú tí ó bá ti gba òmìnira, tí ó ní àsíá tirẹ̀, ti ní àṣẹ náà lọ́wọ́. Nígbà tí mo délé, mo kà á sí bàbá mi létí, inú mi sì ń dùn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ó dára, ọmọ mi. Ta ló parí ẹjọ́ Akíntọ́lá òun Adégbénró?” N kò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí, mo sì lọ kà á.

Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960. Ní oṣù karùn-ún 1962, àwọn aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá ní olórí ìjọba mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ ọ́ kúrò, ó sì fi Alhaji D. S. Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù keje, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Èkó sọ pé inú Ilé Ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti dìbò kí Gómìnà tó ṣe ohun tí ó ṣe. Ní oṣù karùn-ún 1963, Privy Council ní London ní Gómìnà ló jàre.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. A ti ní àsíá, a ti ní orin orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ London ni a gbé ìjà ilé wa lọ. Gómìnà náà sì jẹ́ ọba tí à ń kí ní “Kábíyèsí”, pé kò sí ẹni tí í bi í. Àwọn adájọ́ bi í.

London pàápàá kò sì parí rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yí òfin padà, wọ́n mú kí ó dé ẹ̀yìn, ìdájọ́ London sì di asán. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1963, a di olómìnira aláàrẹ, a kò sì gbé ẹjọ́ lọ sí London mọ́.

Mo sáré padà. “Bàbá, àwọn aṣòfin ló ni àṣẹ!”

Wọ́n ní, “Ọdún 1966 ńkọ́?”

Mo dákẹ́. Àwọn ológun ti tú àwọn aṣòfin ká ní ọdún náà. Ní 1970, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ Lákànmí pé òfin ológun kan kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àwọn ológun gbé Dìkíríì 28 jáde láti fi sọ ìdájọ́ náà di òfo.

Bàbá mi wá ní, “Òkè ni ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ti ń wá àṣẹ. Aláàfin tí à ń pè ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, bí Baṣọ̀run àti Ọ̀yọ́ Mèsì bá gbé igbá òfo fún un, ó mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn. Ẹni tí ó lè kọ̀ ni ó ni àṣẹ.”

Mo rántí abala 14 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, tí ó sọ pé ọwọ́ àwọn ará Nàìjíríà ni àṣẹ gíga jù lọ wà. Dìkíríì ológun ló gbé ìwé náà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ti bàbá mi mu. Mo ní, “Ọwọ́ wa ni igbá òfo wà nísinsìnyí, Bàbá. Ìbò ni.”

Wọ́n wò mí títí. “Ìwọ náà dìbò nígbà tí wọ́n dìbò kẹ́yìn?”

N kò dìbò. Mo fi ìdánwò ṣe àwáwí. Bàbá kò tún sọ nǹkan kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ya ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, mo sì kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.