Pátákó Tó Ń Tàn Nínú Òkùnkùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín ló ti rí ibi tí awakọ̀ òfuurufú máa ń jókòó sí? Kì í ṣe ojú fèrèsé nìkan ni ó máa ń wò. Pátákó ńlá kan wà níwájú rẹ̀, tí ó kún fún aago, bọ́tìnnì àti ọ̀rọ̀ kéékèèké. Aago kan ń sọ bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Òmíràn ń sọ bí ó ti ga tó. Òmíràn ń sọ ibi tí ó kọjú sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn ọ̀rọ̀ náà a máa tàn, nítorí pé iná wà lẹ́yìn wọn.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò. Láti Sokodé dé Tchamba, láti Tchamba dé Kambolé, mo mọ ọ̀nà náà nígbà òjò, mo mọ̀ ọ́n nígbà ọyẹ́. Ní Sokodé, èdè Tem ni ẹ ó gbọ́ lọ́jà. Ní Tchamba, Akaselem ni. Bí ẹ bá dé Kambolé, ẹ ó gbọ́ èdè tiwa. Mo tún máa ń kọ́ àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé olùkọ́ tí ó bá ń dúró de irinṣẹ́ láti òkè òkun yóò dúró pẹ́. Ìdí nìyí tí èmi àti wọn fi jọ ṣe pátákó ọkọ̀ òfuurufú kan. Kò lè fò, ṣùgbọ́n ọmọdé lè jókòó níwájú rẹ̀ kí ó sì kàwé.

Ẹ má ṣe rò pé eré lásán ni ọkọ̀ tí kò lè fò. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1929, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edwin Link ṣe irú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù. Link mú ẹwìrì tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó fi wọ́n gbé àpótí kan tí ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹni náà bá ti ọ̀pá ìwakọ̀, àpótí á tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí ọkọ̀ gidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n ti ń fi í ṣeré. Nígbà tí ó di 1934, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn ọmọ ogun máa fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lẹ́tà. Kùrukùru àti yìnyín pọ̀ lójú ọ̀run, ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ náà kò sì tíì mọ bí a ṣe ń fi aago nìkan wakọ̀. Àwọn kan kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ra àpótí Link mẹ́fà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe èyí tí ó lé ní 10,000. Ẹ kò rí i pé ìwé kíkà lè gba ẹ̀mí là?

Báyìí ni a ṣe ṣe tiwa. A ra ike tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, irú èyí tí àwọn tí ń kọ pátákó ìtajà máa ń lò. A fi sáńpépà kíkúnná ha ojú rẹ̀, kí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ ọn. A kun ọ̀dà funfun sí i fẹ́ẹ́rẹ́, a jẹ́ kí ó gbẹ, a sì tún un kùn. Lẹ́yìn náà ni a kun ọ̀dà dúdú lé e lórí. Nígbà tí ó gbẹ tán, a fi ẹnu kọ́ńpáàsì ha lẹ́tà sára ọ̀dà dúdú náà títí funfun abẹ́ rẹ̀ fi yọ. Lọ́sàn-án, lẹ́tà funfun ni ẹ ó rí. Lóru, ìmọ́lẹ̀ yóò gba ibẹ̀ jáde.

Èéṣe tí a kò fi gé lẹ́tà lára páálí? Ẹ dán an wò. Ẹ fi abẹ gé lẹ́tà O lára páálí. Inú rẹ̀ yóò jábọ́, ihò lásán ni yóò sì kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú A àti D yóò ṣe. Ṣùgbọ́n lára ike, inú O kì í jábọ́, nítorí pé ike dì í mú.

Lẹ́yìn ike, a to LED, àwọn gílóòbù kéékèèké tí a tú nínú tọ́ọ̀ṣì tí ó ti bàjẹ́. LED funfun kan ń fẹ́ nǹkan bíi 3 fóòtì. Bátìrì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.5 fóòtì yóò fún wa ní 4.5. Agbára tí ó lé yẹn lè jó LED. Nítorí náà a fi résísítọ̀ kan tí ó jẹ́ 100 ohm sí ojú ọ̀nà LED kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún rédíò ṣe ni a ti rí i. Bí LED bá sún mọ́ ike jù, ojú kan á mọ́lẹ̀ yòò, ibòmíràn á ṣókùnkùn. A fi í jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, a fi bébà funfun sí àárín, ìmọ́lẹ̀ náà sì tàn kálẹ̀ bí òṣùpá tí àwọsánmà fẹ́lẹ́ bò. Ẹ má ṣe fi iná ilé ṣe é o! Bátìrì kékeré ni kí ẹ lò, kí àgbàlagbà sì wà lọ́dọ̀ yín.

Ó wá ku èdè tí a ó kọ. Olùkọ́ kan ní kí a kọ Faransé nìkan, pé èdè ilé kò mọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní kí a kọ méjèèjì. A kọ VITESSE, a kọ ERÉ sí abẹ́ rẹ̀. A kọ ALTITUDE, a kọ GÍGA. A kọ CARBURANT, a kọ EPO. Bọ́tìnnì tí ń sọ táyà ọkọ̀ kalẹ̀ ni a pè ní ẸSẸ̀. A sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe méjì mìíràn tí wọ́n jọ ọ́: Ẹ̀ṢẸ́, èyí tí à ń fi ọwọ́ dídì lù, àti Ẹ̀ṢẸ̀, èyí tí Ọlọ́run ń dárí rẹ̀ jì.

Ní Kambolé, a ti fèrèsé kíláàsì, a sì tan pátákó. Mo ní, "Ọkọ̀ fẹ́ balẹ̀. Ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀!" Ọmọkùnrin kan tí ń yára kàwé sáré tẹ Ẹ̀ṢẸ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan bọ́ síwájú, ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi pé kì í lahùn. Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ẸSẸ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ti àkọ́kọ́ kò ní àmì lórí." Ó wá bi mí pé, "Ṣé ọkọ̀ òfuurufú gbọ́ èdè wa?" Mo dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ọkọ̀ kò gbọ́ èdè kankan. Awakọ̀ ni ó ń gbọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń tẹ bọ́tìnnì kan ní èdè ìyá rẹ̀ yóò lè kọ́ orúkọ rẹ̀ ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì." Olùkọ́ tí ó ń fẹ́ Faransé nìkan wà níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi pátákó náà sílẹ̀ fún òun di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Lomé ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ASKY fi ṣe ibùjókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fò ní 2010. Ní Lomé kan náà, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ti jù nù ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ ohun oníke jáde. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, ẹ tọ́jú tọ́ọ̀ṣì tí ó bàjẹ́, ẹ tọ́jú páálí àti ike, ẹ sì tọ́jú àmì orí ọ̀rọ̀ yín.

Ìbéèrè
1. Kí ni Edwin Link fi gbé àpótí rẹ̀?
2. Èéṣe tí a fi kun ọ̀dà funfun kí a tó kun dúdú?
3. Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí inú lẹ́tà O tí a bá gé e lára páálí?
4. Kọ gbólóhùn kan pẹ̀lú ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ àti ẹ̀ṣẹ̀.