Ìwé Kékeré Tí Mo Há Sórí Kí Ó Tó Yé Mi

  

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí pé ìwé wo ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn Àlùkùránì. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dárúkọ ìwé ńlá kan, kí ó lè mọ̀ pé olùkọ́ òun kàwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo rò ó dáadáa, ìwé tín-ín-rín kan tó lè wọ àpò jalabíà ni ó ń wá sí mi lọ́kàn: Al-Arba‘ūn ti Imām Nawawī.

Àwọn ìwé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kí ná. Ājurrūmiyyah ni ó kọ́ mi ní nahwu, ìwé Ibn Ājurrūm, ọmọ ìlú Fez ní Mòrókò, tí ó kú ní 1323. Àwa tí a kà á ní ilé kéwú mọ Zayd dáadáa, ẹni tó ti ń dìde látìgbà náà tí kò tíì ráyè jókòó. Akhdarī ni ó kọ́ mi ní àlùwàlá àti bí a ṣe ń tún ìrun tí a ṣe ìgbàgbé nínú rẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo sì dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní “àáfà sàráà”, ìwé Shaykh Adam Abdullahi al-Ilory lórí Islām ní Nàìjíríà, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1950, ni ó gbé orí mi sókè. Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí Shaykh náà papò dà ní 1992, ṣùgbọ́n Márkàsì tí wọ́n gbé wá sí Agége ní 1955 kò jìnnà sí wa ní Abúlé Ẹ̀gbá. Pé ẹni tó gbé nítòsí wa báyìí ló jókòó kọ ìtàn ẹ̀sìn wa ní èdè Lárúbáwá, ó tó kí ojú má tì mí mọ́.

Ti Arba‘ūn yàtọ̀. Nawā ní ilẹ̀ Síríà ni wọ́n ti bí Imām Nawawī. Kò pé 50 ọdún tó fi kú ní 1277, kò sì gbéyàwó. Ogójì ni orúkọ ìwé náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n hadíìsì 42 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún 16, mo ti há gbogbo rẹ̀. Ùsítáàsì wa á mú pàṣán dání, àwa á máa mi síwá sẹ́yìn, a ó ka Lárúbáwá, a ó gbé Yorùbá lé e. Hadíìsì kẹfà, èyí tí Nu‘mān ọmọ Bashīr gbà wá, ni mo mọ̀ jù. Ó sọ nípa halálì àti harámù àti ohun tó rújú láàárín méjèèjì, ó sì fi darandaran tó ń da ẹran lẹ́bàá pápá tí ọba dè ṣe àpẹẹrẹ. Mo gba ẹ̀bùn nítorí rẹ̀ ní ọjọ́ wòlímà wa.

Ó wá di òru Kérésìmesì ọdún 2006, mọ́jú ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá. Àwọn olè ti lu páìpù epo tó gba àdúgbò wa kọjá, epo bẹntiróòlù ń ṣàn. Ẹnì kan tí a jọ ń jókòó lórí ẹní kan náà ní ilé kéwú wá kan fèrèsé mi. “Dìde o, gbogbo èèyàn ti wà níbẹ̀.” Mo gbé kẹ́ẹ̀gì.

Darandaran yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Owó ni mo ń rò. Mo tilẹ̀ ti ní fátúwà tèmi: èmi kọ́ ni mo fọ́ páìpù, ohun tó bá sì ti dà sílẹ̀ kò lólówó mọ́.

Màámi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ló ni epo náà?”

“Ilẹ̀ ló ń ṣàn sí, Màámi.”

“Mo ní, ta ló ni ín?”

N kò fèsì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì jókòó ti ilẹ̀kùn náà. Inú bí mi débi pé n kò kí i kí n tó sùn.

Ariwo àti èéfín ni ó jí wa. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò lè dá mọ̀ mọ́, ibojì kan náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹni tó kan fèrèsé mi kò padà wálé, a kò sì rí òkú rẹ̀ wẹ̀.

N kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o. Epo wọ́n gan-an ní ìlú lásìkò yẹn, ebi náà sì wà. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n. Mo gbọ́ ìwàásù tí wọ́n fi bú àwọn òkú wọ̀nyẹn lẹ́yìn náà, n kò sì lè bá wọn ṣe àmín, nítorí mo mọ ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání lẹ́nu ọ̀nà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lè ṣí Arba‘ūn. Mo ka hadíìsì kẹfà ní jẹ́jẹ́, mo sì rí ìbéèrè Màámi nínú rẹ̀. Màámi tí kò mọ álífù yàtọ̀ sí báù! Ọjà Òkè-Odò ló ti ń tajà. Bí tòmátì bá yí láti orí àtẹ ẹlòmíràn wá sábẹ́ tirẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò mú un, yóò dá a padà. Ó dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lólówó. Mo ti ń rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré, n kò mọ̀ pé hadíìsì ni.

Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè náà ti ń bá mi rìn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kíláàsì wa dá owó jọ kí máàkì lè dára. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. N kò dá, mo sì ṣe kọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Èmi náà ti wá di Ùsítáàsì báyìí. N kì í mú pàṣán tí a bá dé hadíìsì kẹfà. Bí àwọn ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní kíákíá bí orin, mo máa ń dá wọn dúró, mo máa ń bi wọ́n ní nǹkan: ẹni tó rí fóònù nínú dànfó ńkọ́? Ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tó lé ńkọ́? Ọmọ tó béèrè ìwé lọ́wọ́ mi yìí ni ó wá na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ Sátidé.

“Ùsítáàsì, lọ́jọ́ tí iná yẹn ṣẹlẹ̀, ṣé hadíìsì yìí ni ò jẹ́ kí ẹ lọ?”

“Rárá,” ni mo dá a lóhùn. “Ìyá mi ni.”

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà, a ṣí hadíìsì keje.